Bí Wọ́n Ṣe Ń Dìde Nílẹ̀

Kí n tó kúrò ní Kétu, ohun tí mo ń sọ fún ara mi ni pé kì í kúkú ṣe ìlú òyìnbó ni mo ń lọ. Lóòótọ́, orílẹ̀-èdè mìíràn ni. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ́ ní ilé ìwé tiwọn, Faransé ni wọ́n fi kọ́ àwa. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n, Yorùbá ni èmi náà. Mo rò pé ẹni tó bá gbọ́ èdè ìlú kan kò lè jẹ́ àjèjì níbẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jáde ní Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì, láti ra búrẹ́dì ni mo mọ̀ pé mo ti tan ara mi. Mo kí obìnrin tó ni ìsọ̀, mo sọ ohun tí mo fẹ́. Ó tẹ́tí sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀. Ni àwọn méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè Èkìtì láàárín ara wọn, ó ń dà wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀ bí òjò orí páànù, mi ò sì rí ju ọ̀rọ̀ kan sí méjì lọ mú níbẹ̀. Ulé ni wọ́n ń pe ilé. Uṣu ni wọ́n ń pe iṣu. Nígbà tó kọjú sí mi padà, Yorùbá inú rédíò ló fi bá mi sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, níbo lẹ ti wá?"

Mo ní, "Kétu."

"Kétu Èkó?"

"Rárá o. Kétu tó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀."

"Ẹ̀hẹ́n, Kútọnu," ó ní, ó sì gbé búrẹ́dì fún mi.

Kútọnu jìnnà sí ìlú wa. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Síbẹ̀, láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di Ọmọ Kútọnu ní gbogbo àdúgbò.

Iṣẹ́ ló gbé mi wá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú ẹsẹ̀ ọ̀tún mi, ó gbẹ ẹ́, ó sì jẹ́ kó kúrú ju òsì lọ. Ọmọ Adó kan tó jẹ́ Sista nínú ìjọ Àgùdà, Sista Bẹnẹdíkítà, ló ń ṣiṣẹ́ físíò ní ọsibítù ìjọ wa nígbà náà. Òun ló ń fa ẹsẹ̀ mi, tó ń nà án, tó ń mú mi rìn yí ọgbà ọsibítù ká títí mo fi lè dá rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mò ń tiro. Nígbà tí wọ́n pè é padà sí Adó, ó ṣí gbọ̀ngàn ìdárayá kan sí ẹ̀yìn ilé ìjọ fún àwọn tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti dá wọ́n jókòó: àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù, àwọn alátọ̀gbẹ, àwọn tí làkúrègbé ti so orúnkún wọn. Èmi náà ti kọ́ irú iṣẹ́ yẹn nígbà náà. Ó ránṣẹ́ pè mí, mo lọ.

Mi ò ní purọ́, kì í ṣe iṣẹ́ nìkan. Ní Kétu, níbi tí wọ́n ti ń pe ìyá mi ní Ìyá Ṣáìnà, ẹsẹ̀ mi ni wọ́n fi ń júwe mi. "Ọmọ Ìyá Ṣáìnà, èyí tó ń tiro yẹn." Mo fẹ́ dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí. Mo dé ibẹ̀, ẹnu mi ni wọ́n sì wá fi ń júwe mi.

*

Gbọ̀ngàn náà kò tóbi. Irin gbọọrọ méjì wà láàárín rẹ̀ tí aláìsàn máa ń dì mú lọ́tùn-ún lósì kó tó gbé ẹsẹ̀. Àtẹ̀gùn pákó kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò gbéni dé ibì kankan, èèyàn á gùn ún lọ sókè, á sì sọ̀kalẹ̀ lódì kejì. Ẹní wà nílẹ̀, rọ́bà tí wọ́n ń fà wà lára ògiri, kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n kàn mọ́ ojú kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bàbá Tísà ló ni kẹ̀kẹ́ yẹn. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ẹ̀jẹ̀ ríru ti fa rọpárọsẹ̀ sí i lára, ó sì ti mú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wúwo. Á gun kẹ̀kẹ́ náà, á máa wo òkè àpáta lójú fèrèsé, á wá sọ fún mi pé, "Mo ti dé Ìkẹ́rẹ́ o. Mo fẹ́ máa padà bọ̀ báyìí."

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Màmá Ìjan. Àgbẹ̀ ni ìyá náà, opó, ìlú Ìjan ló ti ń dáko iṣu kí rọpárọsẹ̀ tó mú apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Fúnmiláyọ̀, tó ń ta ẹ̀wà àti gààrí ní Ọjà Ọba, ti gbé e wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Adó. Fúnmiláyọ̀ ló fi kẹ̀kẹ́ arọ tì í wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Sista sọ fún wọn pé èmi ni màá máa tọ́jú wọn. Màmá wò mí bí mo ṣe ń rìn bọ̀ láti ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn, ó wo bàtà mi tí atẹ́lẹ̀ ọ̀kan nípọn ju èkejì lọ, ó sì yíjú sí Sista.

"Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò," ó ní.

"Màmá," ni Fúnmiláyọ̀ wí, ojú tì í.

Ara mi gbóná. Mo ti gbọ́ èyí tó burú ju ìyẹn lọ rí, ṣùgbọ́n mi ò rò pé mo máa rin ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀ kí n tún tó gbọ́ ọ. Mo jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀, mo ká ṣòkòtò mi dé orúnkún, mo na ẹsẹ̀ náà sí i.

"Màmá, ẹ wò ó dáadáa," mo ní. "Kò sanra ju ọwọ́ ọkọ́ lọ. Òun ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín."

Ó wò ó pẹ́. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún kan egungun náà bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà. Nígbà tí mo ní kó fún mi ní ọwọ́ kí a dìde, ó fún mi.

*

Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn Máàsì, ni ìyá mi máa ń pè mí. Ohùn rẹ̀ á wá, á lọ, á tún wá, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga.

"Ṣé o ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Màmá."

"Kí lo jẹ?"

"Iyán."

"Iyán lánàá, iyán lónìí. Ṣé kò sí oúnjẹ mìíràn níbẹ̀ ni?" Á wá bi mí pé, "Ìgbà wo lo ń bọ̀?"

Ìdáhùn mi ni pé láìpẹ́. Bí a bá ti parí ọ̀rọ̀, mi ò ní lè jókòó nínú yàrá mọ́. Màá jáde, màá rìn láti Òkè-Ìlá dé ibi tí agbára ẹsẹ̀ mi bá mọ, láìní ẹni tí mò ń lọ kí. Mo máa ń ronú pé bí mo bá wà ní Kétu lásìkò yìí, mo mọ ilé tí màá yà. Lẹ́yìn náà ni màá rántí pé nígbà tí mo wà ní Kétu, mi ò kì í yà sílé ẹnikẹ́ni. Báàgì tí mo gbé wá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mi ò tíì tú ohun inú rẹ̀ tán. Mi ò lè sọ ohun tí mò ń dúró dè.

Ẹni tó ń gbé láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ rárá mọ ohun tó ń ṣe òun. Ìdààmú tèmi yàtọ̀. Mo ń gbọ́ wọn, wọ́n ń gbọ́ mi, síbẹ̀ bí wọ́n bá dá àpárá, ẹ̀rín mi máa ń pẹ́ dé. Wọ́n á ti rẹ́rìn-ín tán kí tèmi tó bẹ̀rẹ̀.

*

Ìdárayá kì í ṣe ohun tó ń dùn ún wò. Ẹ̀yin tí ara yín le, ẹ ò lè mọ ohun tó jẹ́ láti sọ fún ìka ọwọ́ yín pé kó ṣí, kí ìka náà máa wò yín. Màmá Ìjan á máa làágùn. Á ṣépè fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Á ní òun kọ̀, àtọmọdé òun lòun ti ń kọ ebè, kí n lọ wá ẹlòmíràn fìyà jẹ. Èmi náà á ní kó tún un ṣe.

Nítorí pé Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́, òun ni mo máa ń fi ka iye ìgbà tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ láìmọ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo yíjú sí Bàbá Tísà, mo gbọ́ tí Màmá ń ka nǹkan kan lẹ́yìn mi, "Ọ̀n, dọ̀, tùrúwà," pẹ̀lú ohùn Ìjan, bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ òsì ti rọ́bà. Bàbá Tísà dá kẹ̀kẹ́ dúró.

"Màmá," ó ní, "ẹ ti di òyìnbó Kútọnu."

"Ẹ má dá mi lẹ́nu," ni Màmá wí. "Ẹ ò rí i pé mò ń ṣiṣẹ́?"

Ọjọ́ yẹn nìkan ni ẹ̀rín mi bá tiwọn dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò pẹ́ tí Màmá fi kúrò lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Ó ń fi ọ̀pá rìn, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì díẹ̀, ọwọ́ òsì sì ká mọ́ àyà, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Inú Fúnmiláyọ̀ kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni ìbẹ̀rù mú un. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti ń sọ fún un pé kó jẹ́ kí ìyá sinmi, pé ara àgbà kì í ṣe ohun tí àjèjì á máa fà bí rọ́bà. Nílé, kò jẹ́ kí Màmá bu omi mu fúnra rẹ̀. Gbogbo ohun tí a bá kọ́ ní gbọ̀ngàn, ìfẹ́ á pa á rẹ́ nílé.

"Mo fẹ́ lọ ulé," ni Màmá máa ń sọ fún mi. "Uṣu mi ti ń yọ ọwọ́ báyìí. Bí wọn ò bá rí mi lóko lọ́dún yìí, wọ́n á ní mo ti kú."

Mo ní kó ní sùúrù. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn létí tó, torí òun náà ni mò ń sọ fún ara mi.

*

Màmá lọ. Fúnmiláyọ̀ ti wà lọ́jà láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí ẹnì kan láti Ìjan pè é pé àwọn rí ìyá rẹ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, ó sì ti kọjú sí ọ̀nà oko. Ó sáré wá sí gbọ̀ngàn pẹ̀lú ìyẹ̀fun gààrí lára aṣọ rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó rò pé ara òun ti yá," ó sọ fún mi lójú gbogbo aláìsàn. "Bó bá kú sóko, ẹ̀yin ẹ ó di ẹrù yín, ẹ ó padà sí Kútọnu. Èmi ni màá sin ín."

Ó sọ òtítọ́ nípa ẹrù mi ju bó ṣe mọ̀ lọ. Sista Bẹnẹdíkítà gbọ́ láti ọ́fíìsì rẹ̀, ó jáde wá.

"Bá a lọ," ó sọ fún mi.

A wọ mọ́tò lọ sí Ìjan. Oko náà kò jìnnà sílé, ẹ̀yìn ilé tó kẹ́yìn ni wọ́n ti ń yà sí i. A ti ń gbọ́ ohùn èèyàn kí a tó débẹ̀. Màmá wà nílẹ̀ láàárín ebè méjì, ó ti ṣubú, amọ̀ ti yí ìró rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ sì ti fò jìnnà. Àwọn aládùúgbò oko, ọkùnrin àti obìnrin, yí i ká. Wọ́n fẹ́ gbé e. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di kùkùté igi kan mú, ó ní ẹni tó bá fọwọ́ kan òun, òun á gé e jẹ.

"Òkú ni wọ́n ń gbé," ó ń wí. "Ẹ má gbé mi."

Fúnmiláyọ̀ ti fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ gbé ìyá rẹ̀. Mo di apá rẹ̀ mú. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ìgboyà.

"Màmá," mo ní, "ṣé nǹkan kan ń dùn yín? Ìdí? Ọrùn ọwọ́?"

"Ojú ló ń tì mí," ó ní. Lẹ́yìn náà ló fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ọmọ Kútọnu, o kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dúró, o kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rìn. O ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dìde nílẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. A ò tíì dé ibẹ̀. Mo yẹ egungun rẹ̀ wò, mo rí i pé kò sí èyí tó dá. Mo wá bọ́ bàtà mi, mo dùbúlẹ̀ sínú ebè níwájú rẹ̀. Mo gbọ́ tí obìnrin kan pòṣé lẹ́yìn mi. Bí mo ṣe kọjú sí i yẹn, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún tí kò dára wà ní ọ̀kánkán ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì, bí ẹni ń wo dígí.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níyẹn ní Kútọnu. Láti kékeré ni mo ti ń ṣubú, lójú ọ̀nà ilé ìwé, nínú ọjà, nídìí kànga. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ẹnì kan wà nítòsí. Ara mi ló kọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́ tó le," mo ní, mo sì yí. "Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀. Ẹ sinmi níbẹ̀. Ó tó. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tì í báyìí."

Ó ṣe é. Ó ń mí gúlegúle.

"Ẹ wá sórí orúnkún. Ẹ fi ọwọ́ sórí kùkùté yẹn. Ẹsẹ̀ tó dára, ẹ gbé e síwájú kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ẹ má wo ilẹ̀, èmi ni kí ẹ máa wò."

Ìgbà àkọ́kọ́, ó padà jókòó. Fúnmiláyọ̀ ń sunkún. Màmá kò wo ibi tí ọmọ rẹ̀ wà. Èmi náà padà jókòó kí a lè jọ bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ti wà lórí wa, amọ̀ ti wọ èékánná mi. A tún yí, a tún ti ilẹ̀, a kúnlẹ̀. Mo rí i tí iṣan ọrùn rẹ̀ le. Kùkùté náà mì díẹ̀. Ìdí rẹ̀ sì kúrò nílẹ̀, orúnkún rẹ̀ nà, ó dìde dúró láàárín ebè méjì. Èmi náà dìde.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan mú ọ̀pá rẹ̀ wá fún un. Màmá gbọn amọ̀ kúrò lára ìró, ó wo ìtàkùn iṣu rẹ̀ tó ti ń fà nílẹ̀ yí ká, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Wọn ò tíì fi ọ̀pá sí èyí. O rí i bí mo ṣe wí?"

Fúnmiláyọ̀ kò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi, mi ò sì retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ kejì ó fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnì kan, ó wá jókòó sí gbọ̀ngàn látàárọ̀, ó ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń wo ìyá rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ó ní òun ò ṣe iṣẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó yá, Màmá padà sí ilé rẹ̀ ní Ìjan, Sista sì ní kí n máa lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tí ẹ̀yìn àti orúnkún ń dùn bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi níbòji ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀. Ọwọ́ òsì Màmá kò ṣí mọ́ títí dòní. Ọmọ Kútọnu náà ló ṣì ń pè mí.

*

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́, Bàbá Tísà kò wá fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé rọpárọsẹ̀ ti tún kọlù ú, pé ó ti kú. Ìdárayá kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, Sista ti máa ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè wo kẹ̀kẹ́ ẹ̀bá fèrèsé náà. Mo pe ìyá mi. Mo ní mò ń bọ̀ wálé, bóyá mi ò ní padà.

Inú rẹ̀ dùn, ó se gbogbo ohun tí mo fẹ́ràn. Mo jẹ, mo sùn, mo kí àwọn tó yẹ kí n kí. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri àgbàlá. Mo ń wo bí olúkúlùkù ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Mo ń ronú nípa iṣan ẹ̀yìn orúnkún ẹnì kan ní Ìjan tí ẹnikẹ́ni ò bá a nà.

"Ìwọ tí o ń dààmú pé o fẹ́ wálé," ni ìyá mi wí níbi tó ti ń ṣa ẹ̀fọ́, "ilé nìyí. Jókòó."

"Mo ti jókòó, Màmá."

"Ìdí rẹ nìkan ló jókòó."

Mo fẹ́ jiyàn. Mo wá rí i pé kì í ṣe ìbínú ló fi sọ ọ́. Ó ń wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ẹyẹ tó bà sórí ọwọ́ rẹ̀, tí kò ní fẹ́ mira kó má baà tètè fò.

Mo padà sí Adó. Mi ò ní sọ fún yín pé ọkàn mi balẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọjọ́ Ìsinmi kan wà tí mo ṣì ń rìn títí ẹsẹ̀ á fi máa ta mí. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo ń gbá ilẹ̀ gbọ̀ngàn lọ́wọ́ nígbà tí òjìji kan bọ́ sílẹ̀ níwájú mi. Ọkùnrin kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá méjì lábẹ́ abíyá. Àtọ̀gbẹ ti jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, wọ́n sì ti fi pín-ìn-nì ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó ṣófo náà sókè. Aya rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé nǹkan tó fẹ́ já bọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, a ò mọ àdúgbò yìí," ọkùnrin náà ní. "Ṣé ibí ni wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní ìrìn?"

Mo gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri.

"Ibí ni," mo ní. "Ẹ wọlé."